Mo Kẹ̀yìn sí Fíìmù

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Keje

Ọ́fíìsì pè. Fíìmù tuntun ti dé, a ó wò ó lọ́jọ́rú. Eré ẹ̀rín ni, ti ìdílé, wọ́n sì fẹ́ gbé e jáde kí àwọn ọmọ tó gba ìsinmi gígùn. Mo ti rò pé ọ̀sẹ̀ yìí ni màá ráyè rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé tó kún ilẹ̀. Kò sí àyè. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń san fún wa, ẹsẹ̀ ni mo sì máa ń fi rìn lọ kí n lè fi owó ọkọ̀ ra òwú. Ẹsẹ̀ ló ń sanwó òwú. Orúnkún ti ń ṣàròyé.

Iṣẹ́ náà kò le. Àwa mẹ́ta la máa ń sọ irú ọjọ́ orí tó lè wo fíìmù. Tíṣà Àgbà ni alága, ó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́yà ni èkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wa maṣíìnì ìránṣọ. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ojú Òbí. Àwọn méjèèjì á kọjú sí fíìmù, èmi á kẹ̀yìn sí i. Iwájú pátápátá ni àga mi máa ń wà, mo máa ń dojú kọ àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá, màá máa sàmì: ẹ̀rín, ìdákẹ́, ẹkún, ẹni tó fọwọ́ bojú, ẹni tó ń wá ojú àgbàlagbà. Ẹni tó dá ètò yìí sílẹ̀ ní àgbàlagbà tó bá ti ń wo fíìmù máa ń gbàgbé pé ọmọ wà níbẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Fíìmù tí mo ti fi etí wò ti pọ̀. Mi ò tíì fi ojú rí ọ̀kan.

Ìrọ̀lẹ́ — Màmá tún béèrè ọkọ wọn. Ọdún kẹta rèé tí Bàbá ti ṣaláìsí. Lákọ̀ọ́kọ́ a máa ń sọ fún wọn, wọ́n á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, torí lójú tiwọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ọkọ mi kì í sábà sí nílé, èmi ni mo ń gbọ́ ẹkún ìyá rẹ̀. Mo ti wá mọ ohun tí mò ń sọ báyìí: "Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, Màmá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọ aṣọ búlúù wọn, wọ́n á jókòó sẹ́bàá fèrèsé títí oorun á fi gbé wọn. Kò ná wa ní nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Keje

Òjò. Ilé ìwé tó yẹ kó kó ọmọ wá ní ọkọ̀ àwọn rì sínú ẹrọ̀fọ̀, mẹ́wàá péré ló dé. Akọ̀wé ọ́fíìsì ní kí ẹni tó bá ní ọmọ nítòsí lọ kó wọn wá, kí ọjọ́ má baà ṣòfò. Mo lọ kó tèmi méjèèjì. Àkọ́bí ti pé ọmọ ọdún méjìlá, ojú Màmá ló gbé wá sáyé, ojú tó máa ń wò ẹ́ dáadáa kó tó gbà ẹ́ gbọ́. Èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹnu-ò-sinmi ni mo ń pè é, orúkọ yẹn sì ti sọ ìyókù.

Gbọ̀ngàn tutù, àga ń dún. Iná kú, ìmọ́lẹ̀ fíìmù bọ́ sí wọn lójú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ojú ọmọ tó ń wo nǹkan. Ẹnu á là, á gbàgbé pé òun ní ẹnu. Ọmọ kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ lórí àga. Òmíràn tọ̀ sára, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń bá ẹ̀rín tirẹ̀ lọ. Ohùn bàbá arúgbó kan ló máa ń wá látẹ̀yìn mi: "Ṣé ọkọ̀ ti dé?" Ohùn àwọn ọmọ inú fíìmù á dáhùn: "Ó ń bọ̀, Bàbá." Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, gbogbo ìlà á ti wó lura wọn. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n sọ ọ́, ìgbà mọ́kànlá ni ẹ̀rín bú. Mi ò sàmì ẹ̀rín tó báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó sunkún. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ bojú. Àkọ́bí nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ti dé ibi ọkọ̀ yẹn. Ó ń wò mí. Èmi, kì í ṣe fíìmù. Mo sàmì ìdákẹ́ fún un. Mo rò pé ebi ló ń pa á.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Keje

Orúnkún. Kọ́là yunifọ́ọ̀mù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Keje

Ìpàdé kò pẹ́. Tíṣà Àgbà ní fíìmù náà mọ́ tónítóní: kò sí èébú, kò sí ìhòòhò, kò sẹ́ni tó na ẹnikẹ́ni, ìdílé náà sì dì mọ́ra wọn níparí. Lọ́yà ní ti bàbá arúgbó yẹn ló ń kọ òun lóminú, pé bóyá wọ́n fi ṣẹ̀sín jù díẹ̀. Tíṣà Àgbà kọjú sí mi. "Ojú Òbí, kí làwọn ọmọ sọ?" Mo ka àmì mi fún wọn. Nígbà tí mo dé orí mọ́kànlá, Lọ́yà ní ó dáa, òun juwọ́ sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ orí. A fọwọ́ sí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa lè pe ọ̀rọ̀ padà. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ra òwú dúdú bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Keje

Màmá fi orúkọ àbúrò wọn pè mí. Mo dáhùn. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Keje

Ìkọ̀wé yìí á dàbí ti ẹlòmíràn tí mo bá padà kà á.

Mo lọ kó yunifọ́ọ̀mù fún oníbàárà lọ́sàn-án. Nígbà tí mo máa padà, Màmá wà lẹ́nu géètì, lórí àpótí, nínú oòrùn. Aṣọ búlúù. Bàtà ilé lẹ́sẹ̀ kan, bàtà òde lẹ́sẹ̀ kejì. Wọ́n gbé báàgì ọjà lé itan, wọ́n dì í mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ètè wọn ti gbẹ. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Ẹnu-ò-sinmi àti àwọn ọmọ àdúgbò wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ìyàwó mi, ọkọ̀ ni mò ń dúró dè. Àwọn ọmọ ní ó ti yà ní kọ́nà."

Látẹ̀yìn ògiri: "Ó ń bọ̀, Màmá Àgbà." Ẹ̀rín bú. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Mo ti kà á.

Mo mú wọn wọlé. Wọn ò fẹ́ wá, wọ́n ní ọkọ̀ á lọ láìgbé àwọn. Wọ́n mu omi, wọ́n tún mu omi.

Mo bi Ẹnu-ò-sinmi léèrè ta ló kọ́ ọ. Ó bú sẹ́kún. Ó ní eré inú fíìmù ni, pé bàbá yẹn náà máa ń jókòó síta, pé kò sí ohun tó ṣe é, pé gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín, pé Mọ́mì náà ṣáà wà níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo kẹ̀yìn sí i.

Mo fẹ́ kí òun náà lọ jókòó sórí àpótí yẹn nínú oòrùn kó mọ̀ ọ́n lára. Màmá ló bá a bẹ̀bẹ̀. Wọn ò rántí ohun tó ṣe mọ́.

Àkọ́bí ń fọ abọ́. Kò dá sí i. Abọ́ kan ṣoṣo ló ń fọ̀ títí, mo ní kó má fi ọṣẹ ṣòfò.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Keje

Mo pe akọ̀wé, mo ní mo fẹ́ fi ojú rí fíìmù yẹn. Ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Láti ìgbà wo?" Ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n wá lọ́la, kí ẹni tó ń tan fíìmù tó lọ jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Keje

Kò sẹ́ni tí mo lè fi Màmá tì. Obìnrin ilé kejì ti ń gba owó báyìí. Mo mú wọn dání, a wọ bọ́ọ̀sì nítorí wọn. Owó òwú lọ.

Gbọ̀ngàn ṣófo. Ẹni tó ń tan fíìmù — Òkùnkùn là ń pè é, torí inú rẹ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀ — bá wa gbé àga méjì sí àárín. Mo jókòó, mo kọjú síwájú. Ojú tì mí díẹ̀, bí ẹni tó jókòó sórí àga ọ̀gá nígbà tí ọ̀gá ò sí.

Bàbá inú fíìmù ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó sì ti gbàgbé. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á wọ kóòtù iṣẹ́, á gbé báàgì, á máa béèrè ọkọ̀ ilé iṣẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ á ní ó ń bọ̀, kí wọ́n lè ráyè dojú ilé rú. Á lọ jókòó síta. Òjò á pa á. Ajá á tọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Á sì máa wo ọ̀nà. Òṣèré yẹn ṣe ojú kan níbẹ̀, mi ò mọ bó ṣe ṣe é: ojú ẹni tó dá lójú pé wọn ò ní já òun kulẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọmọ ti wó lulẹ̀.

Màmá rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́, Màmá rẹ́rìn-ín ju ọmọ tó yọ̀ bọ́ lórí àga lọ. Wọ́n ń gbá mi nítan. "Wo ajá yẹn, wò ó, wò ó." Omi ń bọ́ lójú wọn. Mo ti gbàgbé pé Màmá ní irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú. Kí n má parọ́ fún ìwé: èmi náà rẹ́rìn-ín níbi ti ajá. Fíìmù náà dùn. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Màmá ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Àwọn ọmọ yẹn yá mọ́yàn o. Ṣé wọ́n padà sọ fún bàbá yẹn?"

"Sọ kí ni, Màmá?"

"Pé ọkọ̀ ò bọ̀."

Mo rò ó wò. Wọn ò sọ fún un. Wọ́n dì mọ́ ọn, orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù ń gòkè lọ. Mo ní wọ́n sọ fún un.

Màmá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́rú, 13 oṣù Keje

Mo pe ọ̀rọ̀ padà. Tíṣà Àgbà gbọ́ ọ lórí fóònù, ó mí kanlẹ̀. "Ojú Òbí, ṣé ara yín le?"

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù Keje

Ìpàdé gùn. Mo sọ ti Màmá, mo sọ ti àpótí, mo sọ ti oòrùn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sára fíìmù náà pé ọmọ tí kò tíì pé méjìlá kò gbọ́dọ̀ dá wò ó, kí àgbà kan jókòó tì í, kí ẹni náà lè bá a sọ̀rọ̀. Tíṣà Àgbà ní tí a bá ń fi ọwọ́ bo gbogbo ohun tó ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín, ògiri nìkan ló máa kù fún wọn láti wò. Ó ní, "A ti fọwọ́ sí i. Àmì tiyín la sì fi fọwọ́ sí i." Òótọ́ ni.

Lọ́yà ló béèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè. Ó dá ẹsẹ̀ dúró. "Ẹ má bínú o, Mọ́mì. Kí wọ́n tó wo fíìmù yìí, ṣé irú ẹ̀ ò wáyé rí nílé yín?"

Mo ní rárá. Mo ní àwọn ọmọ tí mo tọ́ kì í purọ́ fún àgbà. Mo sọ ọ́ ketekete, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Wọ́n sún ìbò sí ọjọ́rú.

Ẹni tó ṣe fíìmù wá sílé nírọ̀lẹ́, ó gbé páálí bisikíìtì kan dání, ó ní fún àwọn ọmọ ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ. Ó ní òun yáwó ṣe é ni, àwọn ilé ìwé lòun sì gbójú lé. Tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ mú àgbà kan dání, ta ló máa sanwó àgbà? Ìṣirò tí èmi fúnra mi ti ṣe nìyẹn, ibì kan náà ni mo já sí. Mo dá bisikíìtì padà. Ẹnu-ò-sinmi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ sùn, mo sì sinmi díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Keje

Bàbá àwọn ọmọ dé láti ìrìn àjò. Ó sùn, ó jẹun, ó tún ń lọ. Ọkọ̀ ẹrù tó ń wà kì í jẹ́ kó dúró. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí orí Màmá ṣì pé, Màmá fúnra wọn ni ọ̀gá irú eré yẹn, pé wọ́n máa ń fi iyọ̀ sínú tíì àlejò.

Màmá béèrè kó tó jáde. Òun ló dáhùn lọ́jọ́ tòní: "Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, Ìyá mi." Bó ṣe sọ ọ́ jọ bí èmi ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó gbé báàgì, ó lọ. Màmá ń juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Keje

Lọ́yà tẹ̀lé mi. Méjì sí ọ̀kan. Kí àgbà jókòó tì í. Tíṣà Àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́, kò bínú, ó ní bóyá òun ti jìnnà sí ọmọdé jù. Ẹni tó ṣe fíìmù jókòó sórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo ń jáde, ó gbé fáìlì lé orúnkún. Ó kí mi. Mo kí i.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo kàn fẹ́ sùn ni.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Keje

Mo sọ fún àwọn ọmọ nídìí maṣíìnì pé a ti yí i padà. Mo ní fíìmù kì í ṣe ohun tí wọ́n á kàn jù sílẹ̀ fún ọmọdé, pé kí Àkọ́bí wo ohun tó kọ́ àbúrò rẹ̀. Ẹnu-ò-sinmi ti sáré jáde lọ ṣeré. Àkọ́bí ń bá mi gbé bọ́tìnnì sí aṣọ. Kò gbójú sókè.

"Kì í ṣe fíìmù ló kọ́ ọ, Mọ́mì."

Mo ní ta wá ni.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ máa ń sọ fún Màmá Àgbà pé Bàbá Àgbà ń bọ̀. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń sọ ọ́."

Mo ní ìyẹn yàtọ̀.

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

Mo ní tiwọn jẹ́ ẹ̀sín, tèmi jẹ́ kí Màmá lè rí oorun sùn.

Ó fi eyín já òwú, ìwà tí mo ti ní kó fi sílẹ̀. "Tí bàbá inú fíìmù bá ti jókòó síta, àwọn ọmọ á ráyè ṣe ohun tó wù wọ́n. Tí Màmá Àgbà bá ti jókòó sí fèrèsé, ẹ̀yin náà á ráyè ránṣọ."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ rí mi fín. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka bọ́tìnnì. Mo wá rántí bó ṣe ń wò mí nínú gbọ̀ngàn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dé ibi ọkọ̀ yẹn, tí mo ń sàmì ìdákẹ́. Àmì míì wà tó yẹ kí n kọ. Ẹni tó ń wá ojú àgbàlagbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Keje

Màmá béèrè. Mo ní mò ń ka aṣọ lọ́wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n kà á tán. Wọ́n jẹ́ kí n kà á tán. Wọ́n tún béèrè.

Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Keje

Mi ò ránṣọ. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Keje

Mo bo maṣíìnì. Mo ní kí Àkọ́bí mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé kejì. Mo gbé omi sí ìtòsí, mo gbé tówẹ̀lì sí i, torí mo rántí bí ẹkún yẹn ṣe máa ń rí. Oòrùn ti ń wọ̀. Màmá ti wọ aṣọ búlúù fúnra wọn, wọ́n ti jókòó. Mo gbé àga mi síwájú wọn, mo kẹ̀yìn sí fèrèsé, mo kọjú sí wọn. Ìmọ́lẹ̀ ìta bọ́ sí wọn lójú.

"Ìyàwó mi, wọn ò tíì dé?"

Mo ní, "Wọn ò ní dé, Màmá. Bàbá ti kú. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta." Mo lo ọ̀rọ̀ náà gan-an, mi ò fi nǹkan kan bò ó.

Mo dúró de ẹkún. Kò wá. Màmá ń wò mí, ojú tó máa ń wo èèyàn dáadáa kó tó gbà á gbọ́. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Wọ́n fa ọwọ́ mi mọ́ra, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo wo ọwọ́ wọn tó di tèmi mú.

"Mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ. Mo sọ fún gbogbo wọn. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹ ti pọ̀ jù."

Èmi ni mo sunkún. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Màmá ò wo tówẹ̀lì tí mo gbé sílẹ̀, etí aṣọ búlúù ni wọ́n fi ń nù mí lójú, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa nu ọmọdé. Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́.

"Ó tó, ó tó. Dákẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà."